Ìràpadà Ọkọ̀ Tuntun Alábùkù: Ẹ̀tọ́ Olùrajà ní Agbègbè Lẹ́kkí àti Ajah



1. Ìfáàrà

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ òfin, ó jẹ mọ́ ọjà, ó sì jẹ mọ́ èdè. Ẹni tí ó fi owó ńlá ra ọkọ̀ tuntun, tí ó wá rí i pé àbùkù ti wà lára ọkọ̀ náà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí ni ó lè bèèrè, lọ́wọ́ ta ni yóò sì ti bèèrè rẹ̀? Ǹjẹ́ ó lè sọ fún ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é pé, 'Ẹ gba ọkọ̀ yín, ẹ dá owó mi padà'?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sí òfin kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Èrò tí èmi fẹ́ gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Òfin wà, ẹ̀tọ́ sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà rọ̀ mọ́ gbólóhùn kékeré kan, èyí tíí ṣe 'àsìkò tí ó bójú mu', kò sì sí ẹni tí ó ka iye ọjọ́ tí ó wà nínú àsìkò náà fún wa. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá kà á, sùúrù tí a ń yìn gẹ́gẹ́ bí ìwà rere ni yóò máa pa ẹ̀tọ́ olùrajà.

Ìdí méjì ni mo fi mú agbègbè Lẹ́kkí ṣe ojú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé lójú títì tí ó ti Lẹ́kkí gba Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ kì í ṣe ohun afẹ́. Iṣẹ́ jìnnà sílé, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ jìnnà sọ́jà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú sójú ọ̀nà ti pàdánù ọjọ́ náà pátápátá. Èkejì ni pé apá ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń rọ́ lọ. Ní 2006 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé-iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Ṣáínà pawọ́ pọ̀ dá ẹgbẹ́ tí ń darí Lẹ́kkí Free Zone sílẹ̀ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn tí ó wà ní àgbègbè náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote. Ní Ṣàngótẹ̀dó, tí kò jìnnà sí Ajah, ilé-iṣẹ́ Nord ti ń to ọkọ̀. Ibi tí a ti ń ra ọkọ̀ ti fẹ́ di ibi tí a ti ń ṣe é, ó sì yẹ kí òfin ọjà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀, nítorí pé àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ni ó máa ń mú kí olùrajà àti alágbàtà sọ̀rọ̀ gba orí ara wọn kọjá. Àkọ́kọ́ ni àtúnṣe: ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ tìrẹ, wọ́n kàn ń wo àìsàn tí ń ṣe é. Èkejì ni ìpààrọ̀: wọ́n gba ti ọwọ́ rẹ, wọ́n fún ọ ní irú rẹ̀ mìíràn. Ẹ̀kẹta ni ìdápadà: ìwọ olùrajà kọ ọjà náà fún ẹni tí ó tà á, o sì gba owó rẹ. Ẹ̀kẹrin ni ìràpadà, níbi tí ẹni tí ó ṣe ọjà náà fúnra rẹ̀ yóò ti fi owó gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ náà 'ìràpadà' kì í ṣe àlejò nínú èdè wa. Àwọn Onígbàgbọ́ ni ó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nínú ìwàásù, ṣùgbọ́n ó ti wà kí ìwàásù tó dé. Ẹni tí ogun bá kó lẹ́rú, àwọn ẹbí rẹ̀ a máa wá owó láti rà á padà. Nínú ìràpadà ti ayé ogun, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ń sanwó. Nínú ìràpadà tí mò ń sọ yìí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mú àbùkù wá ni yóò sanwó. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé bí nǹkan ṣe rí lónìí, olùrajà wa ṣì dà bí ẹbí ẹrú ìgbà náà: òun ni a ṣẹ̀, òun náà ni ó ń sanwó.

3. Láti Orí Ọkọ́ dé Orí Ọkọ̀

Ohùn nìkan ni ó ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ṣùgbọ́n ní ti ọjà, wọ́n jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ra ọkọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ó rọ ọ́ ni ó tà á. Bí ọkọ́ náà bá ṣẹ́ ní oko ní ọjọ́ kejì, àgbẹ̀ yóò gbé e padà sí ilé àrọ. Wọn kò ní bá a ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó kàn, nítorí pé ojú kan náà ni ó ń wò. Bí alágbẹ̀dẹ bá sì fẹ́ ṣe orí kunkun, àwọn àgbà àdúgbò mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ baba rẹ̀.

Ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yàwòrán rẹ̀ wà ní ìlú kan, ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìlú kejì, ẹni tí ó to ó pọ̀ wà ní ìkẹta, alágbàtà tí ó tà á wà ní Lẹ́kkí. Nígbà tí àbùkù bá yọjú, oníkálukú a máa nàka sí ẹlòmíràn.

Kì í ṣe pé àwọn tí ń to ọkọ̀ kò sún mọ́ wa rí. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Láti inú ti Èkó yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwa Yorùbá sọ ní Ìjàpá ti jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà rọ, tòkúnbọ̀ ni ó gba ìgboro. Ẹni tí ó ra tòkúnbọ̀ mọ̀ pé ohun tí ẹlòmíràn ti lò ni òun rà, kò sì retí púpọ̀. Mo rò pé ìwà àìretí yìí ni a gbé wọ inú ríra ọkọ̀ tuntun, débi pé ẹni tí ó ra èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní tíà-rọ́bà, bí ó bá bàjẹ́, a máa wá mẹkáníìkì kí ó tó wá ìwé tí ó fi rà á.

4. Ohun tí Òfin Wí

Òfin tí ó pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893. Ó di òfin wa lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ìpínlẹ̀ Èkó sì ní irú rẹ̀ nínú àkójọ òfin tirẹ̀. Òfin náà sọ pé bí oníṣòwò bá ta ọjà, ìlérí kan wà nínú títà náà bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ la ẹnu sọ ọ́, pé ọjà náà yóò ṣe é tà lójú ọjà gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀, àti pé yóò wúlò fún iṣẹ́ tí olùrajà sọ pé òun fẹ́ fi ṣe. Bí ó bá kùnà, olùrajà lè kọ ọjà náà. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà sọ pé bí olùrajà bá ti gba ọjà náà wọlé tán, kò lè kọ̀ ọ́ mọ́. Owó gbà-má-bínú nìkan ni ó lè bèèrè. Ẹni tí ó bá sì pa ọjà mọ́ lọ́wọ́ kọjá àsìkò tí ó bójú mu, òfin kà á sí ẹni tí ó ti gbà á.

Òfin tuntun ni èyí tí a ń pè ní òfin ìfigagbága òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Òfin yìí ni ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, tí ó sì gba ipò òfin ọdún 1992. Abala 131 fún olùrajà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, tí kò ní àbùkù, tí yóò sì pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Abala 122 fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀, bí ọjà náà kò bá bá iṣẹ́ tí ó sọ fún alágbàtà mu, tàbí bí wọn kò bá jẹ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e fún un. Abala 104 sọ pé nínú ọ̀rọ̀ oníbàárà, òfin yìí borí àwọn òfin yòókù, yàtọ̀ sí ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Lẹ́kkí Free Zone ni abala 2. Ó sọ pé òfin náà de gbogbo òwò tí a ń ṣe ní Nàìjíríà, àti èyí tí ipá rẹ̀ bá dé Nàìjíríà. Lójú aṣọ́bodè, ọjà tí ó bá ti inú agbègbè àkànṣe bẹ́ẹ̀ jáde wọ ìlú dà bí èyí tí ó ti òkè-òkun dé. Àwọn kan lè tipa bẹ́ẹ̀ rò pé òfin oníbàárà kò wọ ibẹ̀. Èrò náà kò tọ̀nà. Ẹnu-bodè lè dá owó orí dúró. Kò lè dá ẹ̀tọ́ olùrajà dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí alágbàtà fi ń sọ pé 'ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà' kò lè jẹ́ odi tí ó ń sá sí lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà. Nínú ẹjọ́ Ogwu àti Leventis Motors ní 1963, lọ́rì tí wọ́n gbé fún olùrajà kì í ṣe irú èyí tí ó yàn. Ilé-ẹjọ́ kò gbà kí gbólóhùn ààbò inú ìwé àdéhùn gba ẹni tí ó tà á sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ ó rí i pé nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí òfin ti sọ pé kí olùṣe ọkọ̀ ra ọkọ̀ padà. Alágbàtà ni olùrajà bá ṣe àdéhùn. Ẹjọ́ ìgò tí ìgbín wà nínú rẹ̀, tí àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní 1932, so olùṣe ọjà mọ́ ẹni tí ọjà náà bá pa lára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, tí ó kàn kọ̀ tí kò rìn, ẹjọ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ran olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé wáráǹtì tí olùṣe fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀, àtúnṣe ni ó sábà máa ń ṣèlérí, kì í ṣe owó.

5. Sùúrù àti Àsìkò

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo oníṣòwò kan tí ń gbé ní Àwòyáyà. Ó yá owó ní báǹkì, ó fi ra ọkọ̀ tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, jíà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lórí eré. Ó gbé e padà sọ́dọ̀ alágbàtà. Wọ́n ní, 'Ẹ má bínú, Mà, kékeré ni, a ó bá yín ṣe é.' Ọjọ́ 9 ni ọkọ̀ náà lò lọ́dọ̀ wọn. Ó gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, àìsàn náà padà. Wọ́n ní ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òkè-òkun. Obìnrin yìí kò pariwo, kò kọ ìwé, ó ń pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Oṣù márùn-ún kọjá báyìí. Báǹkì ń yọ owó wọn lóṣooṣù, nítorí pé àdéhùn ẹ̀yáwó kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń rìn tàbí kò rìn. Nígbà tí ó wá sọ pé òun kò fẹ́ ọkọ̀ náà mọ́, wọ́n ní, 'Mà, ẹ ti ń lò ó láti oṣù márùn-ún.'

Lójú Yorùbá, obìnrin yìí hùwà ọmọlúwàbí. Lójú òfin, sùúrù rẹ̀ lè di ẹ̀rí lòdì sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kí ó wo ẹjọ́ Bernstein àti Pamson Motors tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1987. Ọkọ̀ Nissan tuntun ni olùrajà náà rà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti nǹkan bí 140 máìlì lọ kí ẹ́ńjìnnì tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú títì márosẹ̀, nítorí pé lẹ́ẹ̀mù kékeré kan ti dí ojú ọ̀nà òróró láti ilé-iṣẹ́. Adájọ́ gbà pé ọkọ̀ náà kò ṣe é tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àsìkò tí ó bójú mu ti kọjá. Olùrajà kò lè kọ̀ ọ́ mọ́. Ẹjọ́ yìí kò de àwọn ilé-ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n láti inú òfin tí ó bí tiwa ni gbólóhùn tí adájọ́ náà túmọ̀ ti jáde.

6. Àwọn tí Wọ́n Ka Ọjọ́

Ohun tí àwọn ìlú mìíràn ṣe kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ka ọjọ́ ni. Ní 1982, ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí aṣòfin John J. Woodcock gbé wá. Bí wọ́n bá ti gbìyànjú láti tún àbùkù kan náà ṣe nígbà mẹ́rin, tàbí tí ọkọ̀ tuntun bá lo 30 ọjọ́ lọ́dọ̀ àwọn atúnkọ̀ṣe láàárín àkókò tí òfin dá, olùṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ó rà á padà. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀ lé wọn. Ẹ kíyè sí i pé olùṣe ni òfin náà dì mú, kì í ṣe alágbàtà nìkan. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti kúrò níbi tí ẹjọ́ Bernstein fi wọ́n sí. Òfin wọn ti 2015 fún olùrajà ní 30 ọjọ́ láti kọ ọjà alábùkù kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Lẹ́yìn 30 ọjọ́, alágbàtà ní ànfààní àtúnṣe ẹyọ kan. Bí ó bá kùnà, olùrajà lè kọ ọjà náà, bí wọ́n tilẹ̀ lè yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ fún lílò. Kí a má sì rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni èyí wà fún, òfin oníbàárà Gúúsù Áfíríkà ti ọdún 2008 fún olùrajà ní oṣù mẹ́fà láti yan àtúnṣe, ìpààrọ̀ tàbí owó rẹ̀. Bí wọ́n bá tún un ṣe tí ó sì tún bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti parí.

Ìràpadà tí ó tóbi jù tí a gbọ́ ni ti Volkswagen. Ní 2015 ni àṣírí tú pé ilé-iṣẹ́ náà fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sínú ọkọ̀ oní-dísùlù, kí èéfín rẹ̀ lè dà bí èyí tí ó mọ́ nígbà àyẹ̀wò. Ní 2016 wọ́n gbà ní Amẹ́ríkà láti ná tó bílíọ̀nù 14.7 dọ́là, kí wọ́n sì ra nǹkan bí 475,000 ọkọ̀ padà tàbí kí wọ́n tún wọn ṣe, bí olówó ọkọ̀ bá ṣe fẹ́. Kì í ṣe pé àánú ṣe wọ́n. Òfin ni ó ká wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá ní ọ̀nà mìíràn. Ní California, ọkọ̀ tí olùṣe bá rà padà gbọ́dọ̀ ní àmì lára ìwé rẹ̀ àti lára férémù ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹni tí yóò tún rà á lè mọ̀. Àmì tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣe é ya, ìwé sì ṣe é pààrọ̀ lójú òkun. Níbi tí òfin kò bá ti béèrè irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n rà padà lọ́hùn-ún lè di ohun tí a ń dunnú sí níhìn-ín.

7. Àwíjàre Àwọn Alágbàtà

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn alágbàtà náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ọ̀nà wa kò dára, pé kòtò lè ba ọkọ̀ tí kò ní àbùkù jẹ́. Wọ́n ní epo wa kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Òótọ́ sì ni pé ní ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ní bí náírà ṣe ń já wálẹ̀, owó tí olùrajà san ní ọdún tí ó kọjá kò lè ra irú ọkọ̀ náà lónìí, nítorí náà ìdápadà lè pa òwò wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi hàn ni pé a nílò ayẹ̀wò tí kì í ṣe ọmọ ilé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, tí yóò sọ bóyá epo ni tàbí ilé-iṣẹ́ ni. Wọn kò fi hàn pé kí olùrajà nìkan máa ru ẹrù. Ní ti náírà, ọ̀rọ̀ náà dun olùrajà ju alágbàtà lọ. Bí náírà bá ti já wálẹ̀, ẹni tí ó gba iye náírà tí ó san lè má lè fi ra irú ọkọ̀ náà mọ́. Nítorí náà, bí a óò bá ṣe òfin, ìpààrọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́, kí olùrajà sì ni ó máa yàn.

8. Ohun tí Olùrajà Lè Ṣe Nísinsìnyí

Kí òfin tí a ń retí tó dé, ẹni tí ó ra ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ lẹ́rán. Kí ó tó sanwó, kí ó kọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe sínú ìwé, kí ó sì fún alágbàtà, nítorí pé abala 122 dúró lórí ohun tí a sọ fún un. Ní ọjọ́ tí àbùkù bá kọ́kọ́ yọjú, kí ó kọ ìwé. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í dúró níwájú adájọ́ bí ìwé. Bí ó bá gbà kí wọ́n tún un ṣe, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tìtorí bẹ́ẹ̀ gba ọkọ̀ náà, òun kò sì fi ẹ̀tọ́ òun láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kí ó gba ìwé iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wọlé tí ó sì jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye kìlómítà. Kí ó má ṣe kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà mìíràn, kí ó má sì yí nǹkan lára rẹ̀ padà. Bí ó bá ti pinnu láti kọ̀ ọ́, kí ó má wà á mọ́. Kí ó dá kọ́kọ́rọ́ padà pẹ̀lú ìwé.

Bí alágbàtà bá di etí, abala 146 fún un ní àyè láti gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC tàbí kí ó lọ tààrà sí ilé-ẹjọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tirẹ̀, LASCOPA. Kí ó sì sọ fún báǹkì rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ̀yáwó má baà di ẹjọ́ kejì.

9. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé òfin wa kò ṣófo, pé ẹnu-bodè Lẹ́kkí Free Zone kò sì lé òfin náà padà. Ohun tí ó kù ni iye ọjọ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí àwọn aṣòfin fún olùrajà ọkọ̀ tuntun ní 30 ọjọ́ láti kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àtúnṣe bá kùnà nígbà mẹ́ta, tàbí tí ọkọ̀ bá lo 30 ọjọ́ lọ́dọ̀ àwọn atúnkọ̀ṣe láàárín ọdún kìn-ín-ní, kí alágbàtà àti ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ tàbí tí ó to ó pọ̀ jọ wà lábẹ́ gbèsè náà, kí olùrajà sì yan ìpààrọ̀ tàbí owó. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ to ọkọ̀ nínú agbègbè àkànṣe kankan, kí ó ní ọ́fíìsì kan níta odi, níbi tí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìwọlé ti lè rí i bá sọ̀rọ̀.

Ní ayé alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀ kò nílò kíka ọjọ́, nítorí pé ẹni tí ó rọ ọkọ́ kò lè sá kúrò ládùúgbò. Nígbà tí àwọn aṣọkọ̀ ń padà bọ̀ wá sí àdúgbò wa yìí, kí a rí i pé wọ́n bá òfin nílé.